Eré Ta-ni-Ọ̀dàlẹ̀: Ẹ̀kọ́ Kan láti Ìlú Johannesburg

Eré ni mo fẹ́ bá yín sọ̀rọ̀ lé lórí nínú ẹ̀kọ́ yìí. Bí ẹnikẹ́ni bá ń rò nínú ọkàn rẹ̀ pé eré kì í ṣe ohun tí ó yẹ kí a máa kọ sínú ìwé àwọn olùkọ́ni, ẹ jẹ́ kí n rán an létí pé níbi eré bojúbojú ni púpọ̀ nínú wa ti kọ́ bí a ti í ka oókan títí dé ogún kí a tó mọ ẹnu ọ̀nà ilé-ìwé, àti pé nídìí ọpọ́n ayò ni àwọn bàbá wa ti ń fi ọkàn ṣe ìṣirò láìfi ọwọ́ kan ìwé. Eré tí mo ń wí yìí kò ní ọpọ́n, kò ní ọmọ ayò, bẹ́ẹ̀ ni kò sì béèrè owó. Ènìyàn bíi méje tàbí mẹ́sàn-án, yàrá kan, àti ìwé pélébé díẹ̀ ti tó.

Ní ìlú Johannesburg, níbi tí mo ń gbé, àwa ọ̀rẹ́ kan a máa pé jọ ní alẹ́ ọjọ́ Ẹtì nínú ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan ní àdúgbò Yeoville. Ẹni tí ó bá mọ Yeoville yóò mọ̀ pé ènìyàn lè gbọ́ èdè Zulu, Lingala, Shona, Faransé, Igbo àti Yorùbá kí ó tó rin òpópónà Rockey já. Bẹ́ẹ̀ náà ni àwa tí a ń pé jọ rí. Ẹ̀gbọ́n wa kan wà tí ó ti Kétu ní ilẹ̀ Benin wá, Yorùbá rẹ̀ sì dùn létí ju tèmi lọ. Ọmọ Ghana kan wà, àwọn ará Zimbabwe méjì, ọmọ Zambia kan, ọ̀dọ́mọbìnrin kan tí a bí ní Soweto, ọ̀dọ́mọbìnrin mìíràn tí ó ti Lesotho wá kọ́ṣẹ́ olùkọ́, àti èmi. Ará Lubumbashi kan ni ó sábà máa ń ṣe olùdarí eré, nítorí pé ohùn rẹ̀ wúwo, ó sì mọ bí a ti í kéde ikú.

Àwọn tí ó kọ́ wa ní eré náà ń pè é ní Mafia. Èmi ni mo fún un ní orúkọ Ta-ni-Ọ̀dàlẹ̀, nítorí pé àwọn àgbà wa bọ̀, wọ́n ní bí ikú ilé kò bá pani, tòde kò lè pani, gbogbo eré náà kò sì ju àlàyé òwe yìí lọ.

Báyìí ni a ti í ṣe é. Olùdarí yóò pín ìwé pélébé tí a ká fún olúkúlùkù. Sínú púpọ̀ nínú ìwé wọ̀nyí ni a ti kọ “ará ìlú”. Sínú ọ̀kan tàbí méjì, “ọ̀dàlẹ̀”. Olúkúlùkù yóò ka tirẹ̀, yóò sì fi í pamọ́. Nígbà tí olùdarí bá wí pé, “Ilẹ̀ ti ṣú,” gbogbo ènìyàn yóò di ojú wọn gẹ́gẹ́ bí ọmọdé ti í ṣe nínú bojúbojú. Lẹ́yìn náà ni yóò wí pé, “Ọ̀dàlẹ̀, la ojú rẹ.” Ọ̀dàlẹ̀ nìkan ni yóò la ojú, yóò sì fi ìka tọ́ka sí ẹni tí ó fẹ́ pa, láìfọhùn. Nígbà tí òun náà bá ti di ojú padà, olùdarí yóò wí pé, “Ilẹ̀ ti mọ́,” yóò sì kéde ẹni tí ó sùn tí kò jí. Ẹni tí ó kú kò gbọdọ̀ sọ̀rọ̀ mọ́ títí eré yóò fi parí. Nínú gbogbo òfin eré yìí, mo ti rí i pé èyí ni ó ṣòro jù lọ fún àwa Yorùbá.

Ní ọ̀sán, àwọn tí ó kù yóò bá ara wọn jíròrò. Ta ni ó pa á? Ẹni tí ó bá wù wọ́n ni wọ́n lè fi ẹ̀sùn kàn, ẹni tí a fi ẹ̀sùn kàn yóò sì wí àwíjàre. Lẹ́yìn èyí, wọn yóò dìbò. Ẹni tí ìbò rẹ̀ bá pọ̀ jù lọ ni a ó lé jáde kúrò ní ìlú, yóò sì ṣí ìwé rẹ̀ kí gbogbo ènìyàn rí i. Bí ó bá jẹ́ ọ̀dàlẹ̀ ni, ìlú yọ̀. Bí kì í bá ṣe òun, ilẹ̀ yóò tún ṣú. Bí a bá lé gbogbo ọ̀dàlẹ̀ jáde, ará ìlú ni ó borí. Bí iye ọ̀dàlẹ̀ bá di ọgbọọgba pẹ̀lú iye ará ìlú tí ó kù, ọ̀dàlẹ̀ ni ó borí. Àwọn kan a máa fi oníṣègùn kún un, ẹni tí ó lè gba ẹnìkan lọ́wọ́ ikú lóru, àti ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́, ẹni tí olùdarí yóò máa dá lóhùn lóròòru bí ó bá béèrè irú ènìyàn tí lágbájá jẹ́.

Dimitry Davidoff ni ó ṣe eré yìí sílẹ̀ ní ọdún 1986, nígbà tí ó wà ní ẹ̀ka ẹ̀kọ́ ìṣesí ẹ̀dá ní Yunifásítì Ìjọba ní Moscow. Láti yàrá àwọn akẹ́kọ̀ọ́ níbẹ̀ ni ó ti tàn ká. Ní 1997, Andrew Plotkin ti ilẹ̀ Amẹ́ríkà mú àwọn jàǹdùkú Mafia kúrò, ó sì fi ènìyàn tí í di ìkookò lóru rọ́pò wọn. Ní ọdún 2020, nígbà tí àrùn kòrónà sé gbogbo ayé mọ́lé, ẹ̀yà rẹ̀ tí a ń ṣe lórí ẹ̀rọ, Among Us, èyí tí ó ti jáde láti 2018, di ohun tí ọmọdé àti àgbà ń ṣe. Àwọn ará Netherlands sọ ọ́ di eré orí tẹlifíṣàn ní 2021, ilé iṣẹ́ M-Net sì gbé ti South Africa jáde ní 2023. N kò ní pẹ́ lórí ìtàn yìí. Ohun tí ó yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ mú dání nínú rẹ̀ ni èrò tí ó wà ní ìpìlẹ̀ eré náà: àwọn díẹ̀ mọ ohun gbogbo, ọ̀pọ̀ kò mọ nǹkan kan, ọ̀pọ̀ yìí ni a sì fún ní àṣẹ láti ṣèdájọ́.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí wa ní alẹ́ ọjọ́ kan. Àwa mẹ́jọ ni a jókòó, ọ̀dàlẹ̀ kan ṣoṣo ni ó wà láàárín wa. Ilẹ̀ ṣú, ilẹ̀ mọ́, olùdarí sì kéde pé ọmọ Zambia ti lọ. Ó ku àwa méje. Ọmọ Ghana dábàá pé kí olúkúlùkù sọ ohun tí ó gbọ́ lóru. Àwọn kan ní àwọn gbọ́ kí aṣọ máa dún. Ẹlòmíràn ní àga ni ó dún. Nígbà tí ó kan ọ̀dọ́mọbìnrin ti Lesotho, ó dákẹ́. Ó wo ilẹ̀. Ó pẹ́ díẹ̀ kí ó tó dáhùn ní èdè Gẹ̀ẹ́sì pé òun kò gbọ́ nǹkan kan.

Ọmọ Ghana fò dìde. “Ẹni tí kò gbọ́ nǹkan kan,” ni ó wí, “kí ni ó ń rò kí ó tó dáhùn?”

Gbogbo wa hó. Ẹ̀gbọ́n wa ti Kétu nìkan ni ó fara balẹ̀. Òun ni ó ti ń bu omi fún gbogbo ènìyàn láti ìrọ̀lẹ́. Ó ní, “Ẹ má kánjú o. Ẹ jẹ́ kí ó sọ tẹnu rẹ̀ ná.” Ọ̀dọ́mọbìnrin náà tún bẹ̀rẹ̀ sí sọ̀rọ̀, ó sì tún kọsẹ̀ lórí ọ̀rọ̀. Ọwọ́ kan lọ sókè, ọwọ́ kejì tẹ̀lé e, ti Ẹ̀gbọ́n ni ó ṣe ẹ̀kẹta, tìbànújẹ́-tìbànújẹ́. Ti èmi ni ó ṣe ẹ̀karùn-ún. A lé e jáde. Ó ṣí ìwé rẹ̀: ará ìlú.

Bẹ́ẹ̀ ni a bá a lọ títí ó fi ku èmi àti Ẹ̀gbọ́n nìkan, ó sì rẹ́rìn-ín, ó ṣí ìwé tirẹ̀. Mo ní, “Háà, Ẹ̀gbọ́n! Ẹ̀yin lẹ pa gbogbo wa!” Ó dá mi lóhùn pé, “Àbúrò mi, ka iye wọn dáadáa. Ẹni mẹ́ta ni èmi pa lóru; ẹni mẹ́ta ni ẹ̀yin náà pa lọ́sàn-án. Ọgbọọgba ni wá.”

Lẹ́yìn eré ni a tó bi ọ̀dọ́mọbìnrin náà léèrè ohun tí ó dá a dúró. Ó ní, “Ní Sesotho ni mo ti ń ro ọ̀rọ̀ náà ná, kí n tó yí i sí Gẹ̀ẹ́sì.” A rẹ́rìn-ín. Òun kò rẹ́rìn-ín.

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, kì í ṣe àwa nìkan ni irú èyí ń ṣẹlẹ̀ sí. Ní 2006, àwọn onímọ̀ méjì, Charles Bond àti Bella DePaulo, kó àbájáde ìwádìí tí ó lé ní igba jọ lórí bí ènìyàn ti ń dá irọ́ mọ̀ yàtọ̀ sí òtítọ́ nígbà tí ó bá ń wo ẹni tí ń sọ̀rọ̀. Wọ́n rí i pé nínú ọgọ́rùn-ún ìdájọ́, nǹkan bí 54 ni ó tọ̀nà. Ẹni tí ó bá ju owó ẹyọ sókè, tí ó sì jẹ́ kí owó náà dájọ́ fún òun, yóò gba 50. Gbogbo ohun tí a ń fojú rí lára elòmíràn, bí ó ti ń wo ilẹ̀, bí ó ti ń làágùn, bí ó ti ń dákẹ́, mẹ́rin péré ni ó fi lé ti owó ẹyọ. Síbẹ̀, ohun wọ̀nyí gan-an ni a fi ń lé ènìyàn jáde ní ìlú.

Nísinsin yìí, ẹ mú gègé yín. Ẹ jẹ́ kí a ṣírò bí yóò ti rí bí àwọn ará ìlú kò bá gbìyànjú láti mọ nǹkan kan rárá, tí wọ́n kàn ń ṣẹ́ gègé lé ẹnikẹ́ni lórí lójoojúmọ́. A mú ọ̀dàlẹ̀ kan láàárín ènìyàn méje ní òwúrọ̀. Pé kí ó bọ́ ní ọjọ́ kìíní, ìdá mẹ́fà nínú méje ni. A lé ẹnìkan jáde, ọ̀dàlẹ̀ pa ẹnìkan lóru, ó ku márùn-ún; pé kí ó tún bọ́, ìdá mẹ́rin nínú márùn-ún. Ó ku mẹ́ta. Ìdá méjì nínú mẹ́ta. Bí ó bá bọ́ níbẹ̀ náà, ó ku òun àti ará ìlú kan, eré parí. Bí ẹ bá sọ àwọn ìdá mẹ́ta wọ̀nyí di púpọ̀, ẹ ó rí ìdá 16 nínú 35, èyí tí í ṣe nǹkan bí 46 nínú ọgọ́rùn-ún. Ìlú tí ó fọ́ lójú méjèèjì ṣì ń borí ju bí ó ti ń pàdánù lọ.

Ẹ wá fi ẹnìkan kún wọn, kí wọ́n di mẹ́jọ. Ènìyàn yóò rò pé bí ìlú ti ń pọ̀ sí i ni agbára rẹ̀ ń pọ̀ sí i. Ẹ ṣírò rẹ̀: ìdá méje nínú mẹ́jọ, ìdá márùn-ún nínú mẹ́fà, ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin. Ó jẹ́ ìdá 35 nínú 64, nǹkan bí 55 nínú ọgọ́rùn-ún. Ọ̀dàlẹ̀ ni ó jèrè! Ìdí rẹ̀ ni pé ìgbà mẹ́ta náà ni ìlú yóò dìbò, ìbáà jẹ́ méje tàbí mẹ́jọ. Ẹni tí a fi kún wọn kò fún ìlú ní ọjọ́ ìdìbò kan sí i, ibi ìfarapamọ́ kan sí i ni ó fún ọ̀dàlẹ̀. Bí wọ́n bá di mẹ́sàn-án, ìdìbò di mẹ́rin, èrè ọ̀dàlẹ̀ sì tún lọ sílẹ̀ sí 41. Ẹ gbìyànjú rẹ̀ fúnra yín. Ní kíláàsì tí mo ti kọ́ ọ, àwọn tí wọ́n máa ń sùn lákòókò ìṣirò ni ó kọ́kọ́ rí ìdí rẹ̀.

Àwọn onímọ̀ ìṣirò ti lọ jìnnà ju èyí lọ. Mark Braverman, Omid Etesami àti Elchanan Mossel fi hàn nínú ìwé tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2008 pé bí kò bá sí ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́, iye ọ̀dàlẹ̀ tí ó lè bá ìlú dọ́gba kéré gan-an: bí ìlú bá di ìlọ́po mẹ́rin, ìlọ́po méjì péré ni ọ̀dàlẹ̀ yóò nílò. Ṣùgbọ́n bí ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ bá wà, kódà ẹyọ kan, ọ̀dàlẹ̀ gbọ́dọ̀ pọ̀ gẹ́gẹ́ bí ìlú ti ń pọ̀ kí ó tó lè dúró. Ẹ wo ìyàtọ̀ tí ẹnìkan ṣoṣo tí ó mọ òtítọ́ ń ṣe láàárín ẹgbẹ̀rún tí ń méfò.

Mo ti fẹ́ dá ẹ̀kọ́ náà dúró síbí yìí, nítorí pé eré ni mo ṣèlérí. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá ń ṣe eré yìí ní Johannesburg kò lè ṣe bí ẹni pé ìlú náà kò ti ṣe é rí láìfi ìwé pélébé ṣe é.

Ìlú Duduza wà ní gúúsù ìlà-oòrùn Johannesburg, lẹ́bàá Nigel. Ní oṣù Kẹfà ọdún 1985, nígbà tí àwọn ọ̀dọ́ gbogbo agbègbè náà ń bá ìjọba ẹlẹ́yàmẹ̀yà jà, ọkùnrin kan tọ àwọn ọ̀dọ́ Duduza, Tsakane àti KwaThema wá. Ó ní ajagun ẹgbẹ́ ANC ni òun, ó sì pín àdó olóró fún wọn. Wọn kò mọ̀ pé àwọn ọlọ́pàá ti ṣe àdó náà ní ọ̀nà tí yóò fi bú mọ́ ẹni tí ó bá mú un lọ́wọ́. Ọ̀dọ́ mẹ́jọ ni ó kú, àwọn mìíràn sì fara gbọgbẹ́. Ọkùnrin náà pòórá. Ìlú jí ní òwúrọ̀, ó rí òkú àwọn ọmọ rẹ̀, ó sì béèrè ìbéèrè kan náà tí à ń béèrè nínú eré: ta ni nínú wa?

Ní ọjọ́ 10 oṣù Keje, níbi ìsìnkú kan ní Duduza, èrò fẹ́ sun ọkùnrin kan tí wọ́n fura sí pé ó jẹ́ amí ọlọ́pàá. Desmond Tutu, tí ó jẹ́ Bíṣọ́ọ̀bù Johannesburg ní ọdún náà, àti Bíṣọ́ọ̀bù Simeon Nkoane kó wọ àárín èrò náà, wọ́n sì gba ọkùnrin náà sílẹ̀. Ọjọ́ mẹ́wàá lẹ́yìn náà, ní ọjọ́ 20 oṣù Keje, ìsìnkú mìíràn tún wà. Ọ̀dọ́mọbìnrin kan wá síbẹ̀ tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Maki Skosana, ìyá ọmọ kan. Àwọn ènìyàn ní ó lọ́wọ́ nínú ikú àwọn ọ̀dọ́ náà. Wọ́n lù ú, wọ́n sì dáná sun ún lójú gbogbo ènìyàn, àwọn tí ó gbé ẹ̀rọ ayàwòrán dání sì ya á, ilé ayé rí i lórí tẹlifíṣàn. Ní ọjọ́ náà gan-an ni ìjọba kéde òfin pàjáwìrì.

Ọdún méjìlá kọjá. Ní 1997, Ìgbìmọ̀ Òtítọ́ àti Ìlàjà jókòó ní Duduza, ọmọ ìyá Maki Skosana sì jẹ́rìí níwájú rẹ̀. Ìgbìmọ̀ náà fìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé kì í ṣe amí. Ẹni tí ó pín àdó olóró náà ni Joe Mamasela, tí ń ṣiṣẹ́ fún àwọn ọlọ́pàá ìkọ̀kọ̀ láti ibùdó Vlakplaas, Johan van der Merwe tí ó di ọ̀gá ọlọ́pàá pátápátá nígbà tí ó yá sì jẹ́wọ́ fún Ìgbìmọ̀ pé òun mọ̀ nípa ètò náà. Nígbà tí ìlú Duduza ń dìbò, ọ̀dàlẹ̀ kò sí níbẹ̀ mọ́.

Èyí ni ohun tí eré wa kò lè kọ́ni, n kò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbàgbé rẹ̀: nínú eré, ó dájú pé ọ̀dàlẹ̀ jókòó nínú yàrá. Olùdarí ni ó fi í síbẹ̀. Ní òde ayé, ó lè ti jáde lọ láti àná.

Nígbà mìíràn ẹ̀wẹ̀, ó jókòó níbẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n òun ni ẹni tí ń bu omi fún gbogbo ènìyàn. Ní Yunifásítì Witwatersrand, kò jìnnà sí ilé wa, akẹ́kọ̀ọ́ kan wà ní àwọn ọdún 1970 tí ń jẹ́ Craig Williamson. Ó di igbákejì ààrẹ ẹgbẹ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí ń tako ìjọba, NUSAS. Ó ran àwọn ènìyàn lọ́wọ́. Ó lọ sí Geneva, ó sì di igbákejì olùdarí ẹgbẹ́ tí ń fi owó ran àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí ó sá kúrò nílùú. Ní oṣù Kìíní ọdún 1980 ni àṣírí tú pé ọlọ́pàá ni láti ìbẹ̀rẹ̀. Ní 1982, àdó olóró tí a dì bí ẹrù ìwé pa Ruth First ní Maputo. Williamson jẹ́wọ́ ipa tirẹ̀ nínú rẹ̀, Ìgbìmọ̀ sì dárí jì í ní ọdún 2000. Ẹni tí ó bá rò pé amí ni ẹni tí ń wo ilẹ̀ tí ó sì ń kọsẹ̀ lórí ọ̀rọ̀, kí ó rántí pé ọkùnrin yìí kò kọsẹ̀.

Fún àwa àlejò, ìtàn kan ṣì kù tí ó sún mọ́ wa jù. Ní ọjọ́ 11 oṣù Karùn-ún ọdún 2008, ìkọlù sí àwọn àjèjì bẹ̀rẹ̀ ní Alexandra, nínú Johannesburg yìí kan náà, ó sì tàn dé ibi púpọ̀. Àwọn tí ń ṣe é a máa dá ènìyàn dúró, wọn a sì fi ọwọ́ kan ìgúnpá, kí onítọ̀hún sọ ohun tí a ń pè é ní èdè Zulu. Indololwane ni. Ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n, àjèjì ni. Ènìyàn 62 ni ó kú láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀, mọ́kànlélógún nínú wọn sì jẹ́ ọmọ South Africa gan-an. Ọ̀dọ́mọbìnrin ti Soweto ni ó sọ èyí fún wa ní alẹ́ ọjọ́ tí a lé ará Lesotho jáde. Kò fi bá ẹnikẹ́ni wí. Ó kàn na ìgúnpá rẹ̀ sí wa, ó sì béèrè pé kí la ń pè é ní Sotho. Kò sí ẹni tí ó mọ̀ nínú wa, àfi ẹni tí a lé jáde.

Nítorí náà ni a fi ṣe òfin tuntun, mo sì ń fi wọ́n síwájú ẹ̀yin tí ẹ ó lo eré yìí ní kíláàsì. Ẹni tí ó bá fẹ̀sùn kan ẹlòmíràn gbọ́dọ̀ sọ ohun tí ó rí tàbí tí ó gbọ́. “Ọkàn mi ni ó sọ fún mi” kì í ṣe ẹ̀rí. Olúkúlùkù lè sọ̀rọ̀ ní èdè tí a bí i sí, kí ẹnìkan máa ṣe ògbufọ̀. Ẹni tí a fi ẹ̀sùn kàn ni yóò sọ̀rọ̀ kẹ́yìn, nítorí agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà. Orí ìwé ni a ó sì ti máa dìbò, kí gbogbo rẹ̀ jáde lẹ́ẹ̀kan náà, kì í ṣe nípa nína ọwọ́ sókè. Mo ti wo ọwọ́ tèmi dáadáa ní alẹ́ ọjọ́ náà, n kò sì lè fi ọkàn kan sọ pé ì bá ti lọ sókè bí mẹ́rin kò bá ti ṣíwájú rẹ̀.

Ohun kan ṣoṣo ni mo tún fẹ́ fi kún un fún àwọn tí yóò kọ́ni ní ìgbèríko. Àwọn kan ti dábàá pé kí a pe ọ̀dàlẹ̀ ní àjẹ́, kí ó lè yé àwọn ọmọ kíákíá. Mo bẹ̀ yín, ẹ má ṣe é. Ní ibi púpọ̀ ní Áfíríkà, àwọn ìyá arúgbó ti kú nítorí ọ̀rọ̀ náà, ọmọ tí ó jókòó níwájú yín sì lè ní ìyá àgbà nílé tí àwọn ará àdúgbò ti ń wò lójú kan.

Ní ọjọ́ Ẹtì tí ó tẹ̀lé e, a pé jọ padà, a sì fi òfin tuntun ṣe eré. Ọ̀dọ́mọbìnrin ti Lesotho sọ̀rọ̀ ní Sesotho, ti Soweto sì ń ṣe ògbufọ̀ rẹ̀. Háà, ọ̀rọ̀ dá ṣáká lẹ́nu rẹ̀! Ó ń béèrè ìbéèrè, ó ń tú irọ́ ọmọ Ghana fó, ó ń fi ẹ̀rí lélẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ní ìgbà mẹ́ta tí a dìbò, orúkọ gbogbo ènìyàn ni ó jáde nínú ìwé, àfi tirẹ̀. Ojú ń ti wá nítorí ọ̀sẹ̀ tí ó kọjá. Nígbà tí ó ku òun àti Ẹ̀gbọ́n ti Kétu nìkan, ó ṣí ìwé rẹ̀ sórí tábìlì, ó sì bu omi fún un.